Òṣùpá Oníná Tí Ẹnikẹ́ni Kò Tíì Fojú Rí

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, àjọ NASA ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé ìròyìn kan jáde nípa ìkùukùu sódíọ̀mù tó wà nítòsí pílánẹ́ẹ̀tì kan tó jìnnà réré sí wa. Orúkọ pílánẹ́ẹ̀tì náà ni WASP-49 b. Wọ́n fi àwòrán kan ti ìròyìn náà lẹ́yìn: pílánẹ́ẹ̀tì ńlá kan, òṣùpá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti iná tó ń tú jáde lára òṣùpá náà. Irú àwòrán báyìí kì í pẹ́ dé orí fóònù àwọn ọmọ wa. Bó bá sì fi máa débẹ̀, ọ̀rọ̀ tó wà nídìí rẹ̀ á ti já bọ́ lọ́nà.

Ọ̀rọ̀ tó máa ń já bọ́ yẹn gan-an ló ṣe pàtàkì jù. Ayàwòrán ló fi ọwọ́ rẹ̀ ya àwòrán náà, NASA fúnra wọn ló sì sọ bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó tíì rí òṣùpá yìí, àní pẹ̀lú awò awọ̀nàjíjìn tó lágbára jù lọ láyé. Ohun tí àwọn onímọ̀ rí ni sódíọ̀mù, ọ̀kan nínú àwọn èròjà méjì tó para pọ̀ di iyọ̀ tí a fi ń sebẹ̀. Sódíọ̀mù yìí pọ̀ ju ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ lọ. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi ara wọn ni pé: kí ló ń tú u dànù?

Bí ọmọ yín bá wá bi yín bóyá òótọ́ ni pé wọ́n ti rí òṣùpá oníná lókè lọ́hùn-ún, èsì tó tọ́ gùn ju "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "rárá" lọ. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀.

Ibi tí à ń sọ

Bí ẹ bá jáde síta ní ìrọ̀lẹ́ nínú oṣù kejì tàbí oṣù kẹta, tí ojú sánmọ̀ sì mọ́, ẹ ó rí ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò tẹ̀lé ara wọn bí ìgbànú. Àwọn Lárúbáwá ayé àtijọ́ rí àwòrán ènìyàn kan nínú ìràwọ̀ agbègbè yẹn. Èyí tó mọ́lẹ̀ gan-an níbi ẹsẹ̀ ẹni náà ni gbogbo ayé ń pè ní Rigel títí dòní, láti inú ọ̀rọ̀ Lárúbáwá náà "rijl", ìyẹn ẹsẹ̀. Abẹ́ ẹsẹ̀ yẹn ni àgbájọ ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Ehoro wà, Arneb sì ni orúkọ ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù nínú rẹ̀. Ọmọ ilé-kéwú tó ti kọ́ orúkọ àwọn ẹranko lédè Lárúbáwá á dá a mọ̀ kíá: arnab, ehoro. Púpọ̀ nínú orúkọ ìràwọ̀ tí àwọn òyìnbó ń lò ló wá láti ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí onímọ̀ sánmọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì dára kí àwọn ọmọ wa mọ̀ ọ́n.

Àgbègbè Ehoro yìí ni ìràwọ̀ WASP-49 wà. Ojú lásán kò lè rí i, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dọ̀ wa. Ìràwọ̀ tó jọ oòrùn ni, ó kàn fi díẹ̀ tutù jù ú lọ. Pílánẹ́ẹ̀tì tó ń yí i ká, WASP-49 b, tóbi tó Sátọ̀n, afẹ́fẹ́ ló sì pọ̀ jù lára rẹ̀, kò ní ilẹ̀ tí ènìyàn lè tẹ̀. Ó sún mọ́ ìràwọ̀ rẹ̀ débi pé ọjọ́ 2.8 péré ló fi ń yí i ká lẹ́ẹ̀kan. Ayé tiwa ń lo ọjọ́ 365 láti yí oòrùn ká.

Bí ó ṣe jìnnà tó jẹ́ 635 ọdún ìmọ́lẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń sáré tó 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Láti ara oòrùn, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ ló fi ń dé ọ̀dọ̀ wa. Láti WASP-49, ó ń lo ọdún 635. Ìmọ́lẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ń gbà sínú awò wọn lásìkò wa yìí ti gbéra ní nǹkan bí ọdún 1390, nígbà tí Ibn Khaldun, àgbà òpìtàn nnì, ṣì wà láyé ní ìlú Káírò.

Ẹ fi ọkọ̀ Voyager 1 wò ó. Òun ni ohun tí ọmọ ènìyàn ṣe tó ti rìn jìnnà jù kúrò láyé, ó sì ń sáré tó kìlómítà 17 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ká ní ó dorí kọ WASP-49, yóò lò ju mílíọ̀nù 11 ọdún lọ lójú ọ̀nà. Nítorí náà, kò sí ẹni tó ń lọ síbẹ̀, kò sì sí ọkọ̀ tí wọ́n ń rán lọ. Ìmọ́lẹ̀ tó bá dé ọ̀dọ̀ wa nìkan la ní. Ohun tó sì jẹ́ kí àwọn onímọ̀ lè ka ìmọ́lẹ̀ náà bí ẹni ń ka lẹ́tà ni pé wọ́n ti rí òṣùpá oníná kan rí, nítòsí wa níhìn-ín.

Io, òṣùpá Júpítà

Ní oṣù kìíní ọdún 1610, Galileo Galilei, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, dojú awò rẹ̀ kọ Júpítà, pílánẹ́ẹ̀tì tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní al-Mushtarī. Ó rí ìmọ́lẹ̀ kéékèèké mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń yí ipò padà lálaalẹ́. Òṣùpá ni wọ́n. Èyí tó sún mọ́ Júpítà jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni Io.

Tí a bá kàn wo ìwọ̀n wọn, ẹ ó rò pé ìbejì ni Io àti òṣùpá tiwa. Òṣùpá wa fẹ̀ tó kìlómítà 3,475 láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, Io fẹ̀ tó 3,643. Òṣùpá wa jìnnà sí ayé tó kìlómítà 384,400, Io jìnnà sí Júpítà tó nǹkan bí 422,000. Ibi tí ìjọra wọn parí sí nìyẹn. Òṣùpá wa ti di òkúta tútù tipẹ́tipẹ́. Io ní òkè ayọnáyèéfín tó lé ní 400 tó ń ṣiṣẹ́. Nínú gbogbo ohun tó ń yí oòrùn wa ká, kò sí ibì kan tí iná abẹ́ ilẹ̀ ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ilé ayé pàápàá kò tó o.

Kí ló wá fa ìyàtọ̀? Ẹni tí wọ́n ń yí ká ni. Ìwọ̀n Júpítà jẹ́ ìlọ́po 318 ìwọ̀n ayé, agbára òòfà rẹ̀ sì pọ̀ bákan náà. Òṣùpá wa ń lo ọjọ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n àti díẹ̀ láti yí ayé po. Wákàtí 42 àti ààbọ̀ ni Io fi ń yí Júpítà po.

Àwọn tó ń gbé létí òkun mọ̀ pé omi máa ń kún, ó sì máa ń fà. Òòfà òṣùpá ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yẹn. Lórí Io, òkúta ni Júpítà ń fà bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí Io ń tọ̀ kò rí róbótó délẹ̀: ìgbà mìíràn ó sún mọ́ Júpítà díẹ̀, ìgbà mìíràn ó jìnnà díẹ̀. Bó bá sún mọ́ ọn, Júpítà á fà á gùn, bó bá jìnnà, á tún sọ ọ́. Ilẹ̀ Io lè tipa bẹ́ẹ̀ gbé sókè kó sì tún wálẹ̀ tó mítà 100, bí ẹni pé ilé alájà ọgbọ̀n ń rì, tó sì tún ń yọ, láàárín ọjọ́ méjì. Ẹ mú wáyà irin kan, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún léraléra ní ojú kan náà, kí ẹ wá fọwọ́ kan ibẹ̀: ó ti gbóná. Ohun tí Júpítà ń fi Io ṣe nìyẹn láti àìmọye ọdún, kò sì simi. Inú òṣùpá náà gbóná débi pé òkúta ń yọ́.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ló dé tí ọ̀nà Io kò fi tíì rí róbótó látọdún yìí wá, kí fífà náà sì dáwọ́ dúró. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ ni kò jẹ́. Bí Io bá yí Júpítà ká nígbà mẹ́rin, òṣùpá kejì tí ń jẹ́ Europa á ti yí i ká nígbà méjì gẹ́lẹ́, ẹ̀kẹta tí ń jẹ́ Ganymede á sì ti yí i ká lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ń pàdé ní ojú kan náà, ní àsìkò kan náà, wọ́n sì ń ta Io nù díẹ̀díẹ̀. Bí ọmọdé tó wà lórí jangirọ́fà ló rí: bí ẹ bá ń tì í nígbà tó yẹ gẹ́lẹ́, bó ti wù kí títì náà kéré tó, kò ní dúró.

Bí wọ́n ṣe mọ èyí dùn ún gbọ́. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹta ọdún 1979, àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Peale, Cassen àti Reynolds, tẹ ìṣirò kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Wọ́n ní bí ìṣirò àwọn bá tọ̀nà, inú Io gbọ́dọ̀ ti yọ́, ó sì ṣeé ṣe kí òkè ayọnáyèéfín wà lórí rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ́yìn náà ni Voyager 1 kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Júpítà. Nígbà tí ọkọ̀ náà ti ń lọ, Linda Morabito, obìnrin kan tó wà lára àwọn tó ń tọ́ ọ sọ́nà, ń yẹ àwòrán Io kan wò láti fi ìràwọ̀ mọ ibi tí ọkọ̀ wà. Ó rí nǹkan kan tó yọ létí Io bí agboòrùn. Èéfín iná ni, ó sì ga tó nǹkan bí kìlómítà 300. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọmọ ènìyàn yóò rí òkè ayọnáyèéfín tó ń ṣiṣẹ́ níbòmíràn yàtọ̀ sí ilé ayé.

Látìgbà náà, ọkọ̀ Galileo ti lọ wo Io, ọkọ̀ New Horizons náà kọjá níbẹ̀ lọ́dún 2007. Èyí tó sún mọ́ ọn láìpẹ́ yìí ni Juno. Ní ọgbọ̀njọ́ oṣù kejìlá ọdún 2023 àti ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 2024, ó kọjá ní nǹkan bí kìlómítà 1,500 sí ojú ilẹ̀ Io. Ó ya àwòrán Loki Patera, adágún òkúta yíyọ́ tó fẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 200. Imí ọjọ́ tó ń tú jáde nínú àwọn òkè náà ló kun ilẹ̀ ibẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè, ọsàn àti pupa. Síbẹ̀, ibi tí iná kò bá dé lórí Io tutù ju yìnyín lọ fíìfíì, nǹkan bí ìwọ̀n 130 nísàlẹ̀ òdo. Ìtànṣán olóró tó ń ti ọ̀dọ̀ Júpítà wá sì pọ̀ débi pé ènìyàn tó bá dúró níbẹ̀ láìní ààbò kò ní lè yè é. Àwọn fíìmù tó ń fi àwọn arìnrìn-àjò hàn níbi tí wọ́n ti ń rìn gbẹ̀fẹ́ lórí òṣùpá oníná, eré lásán ni.

Ìṣirò tí wọ́n ṣe láti inú ìrìn Juno, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní oṣù kejìlá 2024, tún ọ̀rọ̀ kan ṣe. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti rò pé òkun òkúta yíyọ́ kan ṣoṣo ló wà lábẹ́ gbogbo ilẹ̀ Io tó ń bọ́ gbogbo àwọn òkè náà. Ọ̀nà tí Io ń gbà fa Juno fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó jọ pé òkè kọ̀ọ̀kan ló ní ìkòkò tirẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀. Ẹ wo bó ṣe pẹ́ tó: ọdún márùndínláàádọ́ta lẹ́yìn tí wọ́n kọ́kọ́ rí iná náà, wọ́n ṣì ń kọ́ nípa ibi tó ti ń wá.

Iyọ̀ nínú iná

Ohun kan wà tí mo mọ̀ọ́mọ̀ fò. Kí Voyager tó dé Io rárá, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé iná wà níbẹ̀, ẹnì kan ti rí àmì rẹ̀ láti ilé ayé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Robert Brown rí ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè tó yí Io ká. Ìmọ́lẹ̀ sódíọ̀mù ni. Kò yé ẹnikẹ́ni nígbà náà ìdí tí òṣùpá kan yóò fi wọ ẹ̀wù sódíọ̀mù.

Àwọn tó ń dáná mọ ìmọ́lẹ̀ yìí láìmọ orúkọ rẹ̀. Bí omi tí ẹ ti bu iyọ̀ sí bá ru dànù sórí sítóòfù gáàsì, iná aláwọ̀ búlúù yẹn á di ìyeyè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Sódíọ̀mù inú iyọ̀ ló ṣe bẹ́ẹ̀. Èròjà kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀ tí kò bá òmíràn dọ́gba, bí ìtẹ̀ka ṣe yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹlòmíràn. Ti sódíọ̀mù jẹ́ ìlà méjì tó sún mọ́ra nínú àwọ̀ ìyeyè, ó sì mọ́lẹ̀ débi pé díẹ̀ nínú rẹ̀ ti tó láti rí.

Lónìí, ìdí rẹ̀ ti yé wa. Àwọn òkè Io ń tú èéfín àti gáàsì sókè, Júpítà sì ń já nǹkan bí tọ́ọ̀nù kan gbà nínú rẹ̀ ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá. Imí ọjọ́ àti ọ́síjìn ló pọ̀ jù níbẹ̀, sódíọ̀mù kò ju díẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n sódíọ̀mù díẹ̀ yẹn ló ń tàn kálẹ̀ yíká Júpítà, tó fẹ̀ ju Io fúnra rẹ̀ lọ ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Òṣùpá kékeré kan lè pamọ́ fún awò, ṣùgbọ́n ìkùukùu tó ń tú sílẹ̀ lè fara hàn. Ohun tó jẹ́ kí àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi sódíọ̀mù wá òṣùpá lọ sẹ́yìn àwọn ìràwọ̀ mìíràn nìyẹn.

Ohun tí wọ́n rí ní WASP-49

Bí pílánẹ́ẹ̀tì kan bá gba iwájú ìràwọ̀ rẹ̀ kọjá, ó máa ń ṣíji bò ó díẹ̀. Bí gáàsì bá wà lára pílánẹ́ẹ̀tì náà tàbí nítòsí rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ á la gáàsì yẹn kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, gáàsì á sì yọ àwọ̀ tirẹ̀ kúrò nínú ìmọ́lẹ̀ náà. Sódíọ̀mù tó ń tan ìyeyè nínú iná, ìyeyè kan náà ló ń gbé mì bí ìmọ́lẹ̀ bá gba àárín rẹ̀ kọjá. Àwọn onímọ̀ á wá pín ìmọ́lẹ̀ náà bí òṣùmàrè, wọ́n á sì wo àwọ̀ tó dín kù.

Láti orí àwọn awò ńláńlá tí àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù gbé sí orí òkè ní aṣálẹ̀ Chile ni wọ́n ti ṣe é fún WASP-49 b. Apurva Oza ló ṣáájú àwọn tó ṣe ìwádìí tí NASA ròyìn rẹ̀, ó sì ti ń tọpasẹ̀ ìkùukùu yìí láti ọdún mélòó kan ṣáájú. Rosaly Lopes, tó ti pẹ́ nídìí ìmọ̀ àwọn òkè Io, wà pẹ̀lú wọn.

Ohun àkọ́kọ́ tó ya wọ́n lẹ́nu ni ibi tí sódíọ̀mù náà wà. Ó ga ju afẹ́fẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì náà lọ fíìfíì, gẹ́gẹ́ bí ti Io ṣe wà lókè Júpítà. Lẹ́yìn náà, ó pọ̀ jù. Ìràwọ̀ náà àti pílánẹ́ẹ̀tì rẹ̀, háídrójìn àti hílíọ́mù ló pọ̀ jù lọ lára àwọn méjèèjì, sódíọ̀mù wọn kò tó nǹkan. Síbẹ̀, ohun yòówù tó ń bọ́ ìkùukùu yẹn ń tú nǹkan bí 100,000 kìlógíráàmù sódíọ̀mù jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ fi àpò sìmẹ́ńtì wọ̀n ọ́n: àpò 2,000, kí ẹ tó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí Júpítà ń gbà lọ́wọ́ Io, imí ọjọ́ àti gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, kò ju bí ogún àpò lọ ní ìwọ̀n àsìkò kan náà.

Èyí tó wú mi lórí jù ni ìrìn rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ara pílánẹ́ẹ̀tì ni sódíọ̀mù náà ti ń wá, ó yẹ kó máa bá pílánẹ́ẹ̀tì rìn, kó máa yọ nígbà tó bá yọ, kó sì máa wọ̀ nígbà tó bá wọ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń yọ, ó sì ń pòórá ní àkókò tí kò bá ti pílánẹ́ẹ̀tì mu. Ìgbà kan wà tó ń sáré ju pílánẹ́ẹ̀tì náà lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì rí i tó wú lójijì, bí ẹni pé nǹkan kan ṣẹ̀ṣẹ̀ tún bù ú kún, nígbà tí kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì rárá. Ìkùukùu kò lè dá ara rẹ̀ bù kún. Nígbà tí wọ́n ṣe ìṣirò lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n rí i pé bí òṣùpá kan bá wà níbẹ̀ tó ń yí pílánẹ́ẹ̀tì náà ká ní nǹkan bí wákàtí mẹ́jọ-mẹ́jọ, gbogbo ìwà ìkùukùu yìí á bá ara mu.

Wákàtí mẹ́jọ! Ẹ rántí pé wákàtí 42 àti ààbọ̀ ni ti Io, ìyẹn sì ti tó láti yọ́ òkúta inú rẹ̀. Òṣùpá tó bá sún mọ́ pílánẹ́ẹ̀tì ńlá tó bẹ́ẹ̀, tí ìràwọ̀ tún wà nítòsí tó ń fa tirẹ̀, a lè fojú inú wo bí yóò ṣe máa gba fífà àti títẹ̀.

Ṣé a lè wá sọ pé wọ́n ti rí i?

Rárá o. Àwa tí a máa ń retí oṣù Ramadan mọ ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Ẹnì kan lè ṣe ìṣirò, kó ní oṣù yẹ kó ti wà lókè lálẹ́ òní. Ọ̀tọ̀ ni pé kí ẹlẹ́rìí kan wá dúró, kó ní òun fojú òun rí i. Ní ti WASP-49 b, ìṣirò ti wà, àmì ti wà, àmì náà sì lágbára, ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí kò tíì dé. Oza àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò pè é ní òṣùpá tí wọ́n ti rí. Ohun tí wọ́n sọ ni pé òun ni àlàyé tó bá ohun tí wọ́n rí mu jù, àti pé wọ́n ní láti wò ó sí i.

Ìdí tó mú kí wọ́n ṣọ́ra kò jìnnà. Òru tí wọ́n fi wo ìkùukùu náà kò pọ̀. Ìràwọ̀ fúnra rẹ̀ náà ní sódíọ̀mù lára, ìyẹn sì lè da ìwọ̀n rú bí ẹni tó ń wọ̀n ọ́n kò bá fara balẹ̀. Bákan náà, irú ọ̀rọ̀ báyìí ti ṣẹlẹ̀ rí. Lọ́dún 2018, àwọn onímọ̀ méjì, Alex Teachey àti David Kipping, fi awò Hubble wo pílánẹ́ẹ̀tì kan tí ń jẹ́ Kepler-1625 b, wọ́n sì sọ pé ó jọ pé òṣùpá ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìròyìn náà tàn ká. Nígbà tí àwọn mìíràn tún ìṣirò náà ṣe, àwọn kan nínú wọn kò rí òṣùpá kankan níbẹ̀, ẹnu kò sì tíì kò lórí rẹ̀ títí di òní. Pílánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti rí lẹ́yìn àwọn ìràwọ̀ mìíràn lé ní 5,000. Nínú gbogbo wọn, kò tíì sí òṣùpá kan ṣoṣo tí gbogbo àwọn onímọ̀ fọwọ́ sí.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ WASP-49 b tóbi nìyẹn. Bí ìwádìí tó ń bọ̀ bá gbè é, òun lè di òṣùpá àkọ́kọ́ tí wọ́n mọ̀ lẹ́yìn oòrùn wa, ó sì máa jẹ́ pé iyọ̀ rẹ̀ ló tú u fó. Bí kò bá sì gbè é, wọ́n á ní láti wá ohun mìíràn tó lè tú àpò 2,000 sódíọ̀mù dànù ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí kò ní rọrùn.

Bó bá wà lóòótọ́, àwọn onímọ̀ gbà pé ìgbẹ̀yìn rẹ̀ kò ní dára. Ó ń pàdánù ara rẹ̀ sójú sánmọ̀, òòfà pílánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì ń fún un mọ́ra láìdáwọ́ dúró. Nígbà tó bá yá, yóò tú ká pátápátá.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín bá fẹ́ rí òṣùpá oníná, ẹ kò nílò àwòrán ayàwòrán. Ẹ wá awò alójú méjì tí àwọn ènìyàn fi ń wo ẹyẹ tàbí bọ́ọ̀lù. Ní àsìkò tí Júpítà bá yọ lálẹ́, òun ni ìmọ́lẹ̀ funfun ńlá tí kì í ṣẹ́jú bí ìràwọ̀. Ẹ fi ọwọ́ tàbí ìgbòòwọ́ ti ara ògiri kí awò náà má baà máa gbọ̀n, kí ẹ sì wo ẹ̀gbẹ́ Júpítà méjèèjì. Ẹ ó rí àmì kéékèèké tó tò sórí ìlà kan, méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́rin, gẹ́gẹ́ bí Galileo ṣe rí wọn lọ́dún 1610. Èyí tó bá sábà máa ń sún mọ́ Júpítà jù, tó sì ń yára yí ipò padà jù láti òru kan sí èkejì, Io ni.